Pákó Ìka Tí Okùn Ti Jẹ: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Béèsì Aláìnífúrẹ́ẹ̀tì Kan ní Adó-Èkìtì

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni ọmọkùnrin tó ń ta béèsì nínú ìjọ wa gbé gìtá náà wá sí ìsọ̀ mi ní Òkèṣà, nínú àpò kan tí síìpù rẹ̀ ti kú. Kò tilẹ̀ jókòó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí rojọ́. "Bùọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní pákó rẹ̀ ti jẹ tán, pé kí n lọ wá ọrùn mìíràn rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó na owó tí n kò ní." Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e lọ bá ti tẹ okùn lẹ́ẹ̀mejì péré, ó gbọ́ bí ó ṣe ń kùn, ó sì ti dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Béèsì yìí kò ní fúrẹ́ẹ̀tì. Lára gìtá tó wọ́pọ̀, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn ni wọ́n ń dá okùn dúró fún olórin, tí ó fi jẹ́ pé bí ìka bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, ohùn yóò ṣì jáde bí ó ti yẹ. Lára èyí, igi gan-an ni okùn ń kàn, ibi tí ìka bá sì bọ́ sí ni ohùn yóò ti jáde, ì báà jẹ́ ibi tó tọ́ tàbí ibi tí kò tọ́. Èrè rẹ̀ ni pé olórin lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìsí àtẹ̀gùn láàárín, gẹ́gẹ́ bí onígángan ṣe ń fún ọsán mọ́ abẹ́ apá tí ohùn ń yọ́ gòkè. Torí èyí ni ọmọkùnrin náà ṣe rà á, nítorí ó fẹ́ máa dá gángan lóhùn nígbà orin ìyìn. Ohun tí ó fi ń san án padà ni igi: pákó tí okùn irin ń kàn lójoojúmọ́ yóò máa jẹ, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i ju pé kí ó má tètè jẹ.

Tòkunbọ̀ ni. Okùn mẹ́rin, ara igi tó fúyẹ́, ọrùn igi mápù, pákó ìka rẹ̀, ibi tí ìka ń tẹ okùn mọ́, sì jẹ́ igi rosewood tó ní àwọn ìlà funfun tínrín níbi tí fúrẹ́ẹ̀tì ìbá wà. Láti nọ́ọ̀tì (egungun kékeré tí okùn ń gbà kọjá ní òkè ọrùn) dé bíríìjì (ibi tí okùn fi ara tì lára gìtá) jẹ́ ínǹsì 34, nǹkan bí 864 mìlímítà, ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ Fender ti lò fún béèsì rẹ̀ láti 1951 tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń tẹ̀lé títí di òní. Ampeg ló kọ́kọ́ gbé béèsì oníná aláìnífúrẹ́ẹ̀tì jáde fún títà ní 1966, Fender tẹ̀lé e ní 1970, nítorí náà irú ohun èlò yìí kì í ṣe ọmọ àná, àìsàn rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí rẹ̀.

Kí n tó tú okùn kankan, mo pa iná ìsọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo sì gbé fóònù náà lélẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè máa rá bàbà lórí igi. Iná tó ń tàn láti òkè kì í fi nǹkan kan hàn lórí irú pákó yìí. Èyí tó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé ni í gbé òjìji gbogbo kòtò dìde. Wọ́n sì dìde lóòótọ́. Kòtò kọ̀ọ̀kan gùn tó oríkèé ìka kan, ó sì dà bí ojú tí a fi èékánná fà lórí ọṣẹ. Nínú wọn ni àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú wà, tí wọ́n wà lẹ́sẹẹsẹ bí eyín fáìlì. Ẹ̀rí okùn oníyípo nìyẹn, ìyẹn okùn tí wọ́n fi wáyà roboto wé, tí ojú rẹ̀ ń họ ọwọ́ ẹni bí a bá fi ìka fà á. Níbi tí olórin bá ti ń mi ìka láti fi ohùn gbọ̀n, okùn náà a máa yí síwá sẹ́yìn lórí igi, kòtò ibẹ̀ a sì fẹ̀ ju ti yòókù lọ.

Mo mú lẹ́ẹ̀dì, mo ya àwòrán ọrùn náà sínú ìwé, mo sì ń fi àmì sí gbogbo ibi tí mo bá rí. Lábẹ́ okùn E, ìlà kẹta, tí í ṣe G. Lábẹ́ okùn A, ìlà kẹta àti ìkarùn-ún, tí í ṣe C àti D. Lábẹ́ okùn G, láti ìlà karùn-ún dé ìkẹsàn-án, ìlà keje ló sì jìn jù. Nígbà tí mo parí àwòrán náà, mo rẹ́rìn-ín. G, C àti D: dò, fàá àti sò inú kọ́kọ́rọ́ G. A kò mọ orúkọ ẹni tó ni béèsì náà ní òkè òkun, ṣùgbọ́n ó ti kọ kọ́kọ́rọ́ tó fẹ́ràn sílẹ̀ fún wa. Ohun tí mo ní lọ́kàn tí mo fi ń ya àwòrán yìí ni pé kòtò tó bá wà lójú ibi tí olórin ń tẹ̀ jẹ́ ti okùn, àmọ́ bí igi bá bọ́ sínú níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sábà tẹ̀, ọrùn ló ti yí tàbí pákó ló ti ń ṣí kúrò lára ọrùn, oògùn èyí sì yàtọ̀. Kò sí irú rẹ̀ níbí. Mo fi ẹ̀yìn ìka gbá gbogbo ẹ̀gbẹ́ pákó náà pé bóyá n óò gbọ́ ohùn òfìfo. Ó dún ṣinṣin láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Wíwò kò tó, mo ní láti wọ̀n ọ́n. N kò ní ọ̀pá títọ́ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ gìtá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumí ní òpópónà wa gé ọ̀pá kan fún mi nígbà kan rí, tí mo ti gbé lé orí gíláàsì nípọn láti rí i pé kò wọ́. Fílágéèjì, àwọn ewé irin tínrín tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì, ni mo yá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà lódìkejì títì. Ó bi mí bóyá gìtá ti ń lo púlọ́ọ̀gì báyìí.

Nítorí pé ojú pákó náà rí roboto díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, gbígbé rúlà dábùú rẹ̀ kò wúlò. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé rúlà irin tínrín nàró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ipa ọ̀nà tí okùn kọ̀ọ̀kan ń gbà gan-an, kí ó lè gun orí igi tí kò jẹ níwájú àti lẹ́yìn kòtò, mo wá ń ti ewé irin náà bọ abẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí èyí tó bá fún un dáadáa yóò fi dé. Ìlà keje okùn G jẹ́ 0.35 mìlímítà. Ìlà karùn-ún okùn A jẹ́ 0.30. Ìlà karùn-ún okùn G jẹ́ 0.25, ìlà kẹta okùn A jẹ́ 0.15, àwọn yòókù kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ìka nìkan wọ̀n wọ́n yóò búra pé mìlímítà kan ni wọ́n, torí pé ìka máa ń sọ àsọdùn.

Lẹ́yìn èyí ni mo wo bí ọrùn ṣe tẹ̀. Mo tẹ okùn G mọ́lẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́ àti ní ìlà ìkẹyìn, kí okùn náà fúnra rẹ̀ lè di ọ̀pá títọ́, mo sì wọn àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìlà kẹjọ, níbi tí igi kò ti jẹ púpọ̀. Ó jẹ́ 0.90 mìlímítà. Ìwọ̀n tí èmi ń wá lára béèsì aláìnífúrẹ́ẹ̀tì jẹ́ 0.20 sí 0.30. Okùn mẹ́rin náà ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó lé ní àádọ́rin kìlógíráàmù lápapọ̀, bí ọ̀pá irin tó wà nínú ọrùn kò bá sì dá a padà tó, ọrùn yóò tẹ̀ síwájú bí ọrun ọdẹ, okùn yóò wá máa kùn lápá òkè, láti ìlà kejìlá lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni igi ti ń gòkè padà bá okùn. Yàtọ̀ sí èyí, okùn E ń pariwo bí a bá ta á lásán láìtẹ ìka mọ́ ọn rárá. Pákó kò lè jẹ̀bi ìyẹn. Ojú tí okùn náà ń gbà kọjá lára nọ́ọ̀tì ti jìn jù, okùn náà sì ti ń fi ara kan igi.

Àrùn mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń kùn papọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Bí mo bá ti fi sáńpépà kan pákó lọ́jọ́ náà, èmi náà ìbá máa yọ́ igi lọ láti wá ariwo tí kò sí nínú igi.

Mo dẹ okùn díẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ oníhà mẹ́fà yí ọ̀pá inú ọrùn sí apá ọ̀tún ní ìdá mẹ́rin àyípo kan, mo tún okùn náà fà, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Igi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kíákíá. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú àlàfo náà ti di 0.55, mo tún yí i ní ìwọ̀n kan náà, nígbà tí ó sì fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti di 0.30. Kíkùn tó wà láti ìlà kejìlá lọ sókè ti lọ pátápátá. Àwọn tó wà láàárín, láti ìlà kẹta dé ìkẹsàn-án, kò lọ. Wọ́n tilẹ̀ tún hàn kedere sí i, nítorí okùn ti súnmọ́ igi jù ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó kù yìí ni ẹ̀bi pákó gan-an.

Mo pe ọmọkùnrin náà, a sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ ohun tí a ó ṣe. Ọrùn tuntun ni ó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Kò sí ìdí fún un. Ọ̀nà tó rọrùn jù lójú ẹni tó ń kánjú ni kí a yọ́ gbogbo pákó títí a ó fi dé ìsàlẹ̀ kòtò tó jìn jù. Pákó náà nípọn tó mìlímítà 5 ní àárín ìpẹ̀kun rẹ̀, 0.35 kò sì lè pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ ìyẹn lónìí, tí ọmọkùnrin yìí sì ń ta á bí ó ṣe ń ta á, ẹni kan yóò tún fẹ́ yọ́ ìyẹn ní ọdún díẹ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ pákó sì tín-ín-rín ju àárín rẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwọn àmì funfun kéékèèké tó wà níbẹ̀ tí kò jìnnà sí ojú igi. Kí nìdí tí a ó fi ná igi tó wà lábẹ́ gbogbo okùn mẹ́rin nítorí kòtò méjì?

Ọmọkùnrin náà ní tirẹ̀ lọ́kàn. Ó ti wo fídíò, ó fẹ́ kí a da epoxy, gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le bíi gíláàsì, bo gbogbo ojú pákó kí ó máa dán bíi díńgí. Ẹni tí ó ń wò ni Jaco Pastorius, ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 1987, ẹni tí wọ́n ní ó fa fúrẹ́ẹ̀tì kúrò lára béèsì rẹ̀ ti ọdún 1962, tó dí ojú wọn, tó sì fi epoxy tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ojú omi bo pákó náà kí okùn oníyípo má baà jẹ ẹ́. N kò bá a jiyàn pé ohùn náà dára. Ó ń dán, ó ń kọrin, ó sì ń pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Àmọ́ bí a bá ti da epoxy bo igi, ohùn epoxy la ó máa gbọ́, dídà á kí ó dọ́gba sì ń fẹ́ yàrá tí kò ní eruku àti afẹ́fẹ́ tí kò ní ọ̀rinrin, èmi kò sì ní èyíkéyìí nínú méjèèjì ní Adó lóṣù Kẹsàn-án. Ohun tí mo dá lábàá ni pé kí a yọ́ pákó níwọ̀nba tí àwọn kòtò kéékèèké yóò fi parẹ́, kí a dí èyí tó bá ṣẹ́kù pẹ̀lú ẹ̀kúnná igi náà fúnra rẹ̀, kí òun sì lọ ra okùn pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi irin pẹrẹsẹ wé, tí kò ní eyín tí yóò fi jẹ igi. Ó rojú. Ó ní okùn pẹlẹbẹ máa ń dún bí orin àwọn bàbá wa. Mo ní kí ó lọ bi onígángan bóyá ohùn àwọn bàbá wa kò bá gángan mu. Ó gbà ní ọjọ́ kejì.

Ohun tí mo nílò fún yíyọ́ ni búlọ́ọ̀kù igi tí abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ojú pákó náà ṣe tẹ̀. Ní òkè òkun, a máa ń rà á ní títẹ̀. Èmi wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkéré-Èkìtì, lọ́dọ̀ bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí mo ti mọ̀ tipẹ́. Kí n tó lọ, mo ti ya ọ̀bìrí sí ara páálí, ọ̀kan tí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹsì 12, ìkejì ínǹsì 9 àtààbọ̀, mo gé wọn, mo sì gbé wọn lé ìpẹ̀kun pákó níbi tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀. Ti ínǹsì 9 àtààbọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ ní àárín. Ti ínǹsì 12 jókòó pẹ̀sẹ̀. Ní fífẹ̀ mìlímítà 62, ìyàtọ̀ gíga àárín àwọn méjèèjì kò tó ìdajì mìlímítà, ṣùgbọ́n ìyẹn pọ̀ ju kòtò tí mo ń lé kiri lọ.

Bàbá mú igi àfàrà kan tó ti gbẹ dáadáa, ó gé e ní ínǹsì 12, ó sì fi pléènì fá abẹ́ rẹ̀ títí ó fi tẹ́. Kò fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó gbé e sókè síhà ẹnu ọ̀nà, ó di ojú kan, ó tún fá a lẹ́ẹ̀mejì sí i níbi kan ṣoṣo. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un, ó gbọ́, ó ní: "Èyí tí o bá gé kù, wà á tún gé e. Èyí tí o bá gé jù ńkọ́?" Ìkéré lẹ ti máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, tí àwọn ère rẹ̀ yọ síta débi pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wà lọ́tọ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Igi tí Ọlọ́wẹ̀ kò gé ni a ń wò níbẹ̀. Bàbá kò gba owó igi lọ́wọ́ mi, ó ní kí n ra orógbó wá nígbà mìíràn.

Nígbà tí mo dé ilé, mo tẹ́ sáńpépà nọ́ńbà 80 sórí ìpẹ̀kun pákó, ojú rẹ̀ tó mú sókè, mo sì ń fa búlọ́ọ̀kù àfàrà náà lọ bọ̀ lórí rẹ̀ títí abẹ́ rẹ̀ fi gba ìtẹ̀ pákó. Ogójì ìṣẹ́jú ni. Páálí ínǹsì 12 tí mo gé, èyí tó ṣẹ́kù lára ọ̀bìrí náà, ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo yọ́ ọ. Mo tú gbogbo okùn, mo dẹ ọ̀pá inú ọrùn nítorí pé bí okùn bá ti kúrò, ọ̀pá náà yóò máa fa ọrùn sẹ́yìn, mo sì ń dẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pá alumí fi jókòó láti nọ́ọ̀tì dé ìpẹ̀kun láìjẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá yọ́ pákó tó tẹ̀ yóò bá a pé ó tẹ̀ síbòmíràn nígbà tí okùn bá padà. Mo fi tépù oníwèé àwọn akunmọ́tò bo nọ́ọ̀tì, ara gìtá àti píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn lọ sínú ámípù, torí mágínẹ́ẹ̀tì inú píkọ́ọ̀pù máa ń gba gbogbo ẹ̀rún irin mọ́ra. Mo wọ ìbòmú, nítorí eruku rosewood kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń yún ara ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo mú ṣọ́ọ̀kì funfun, mo sì fà á wẹ́nnẹ́wẹ́nnẹ́ kọjá lórí gbogbo pákó.

Sáńpépà nọ́ńbà 120 ni mo lẹ̀ mọ́ abẹ́ búlọ́ọ̀kù. Mo ń fà á ní gígùn, láti nọ́ọ̀tì dé ìpẹ̀kun, láìfi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo búlọ́ọ̀kù àti ti ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn ìfà mẹ́wàá mo dúró, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku sórí ìwé ìròyìn, mo sì wo ṣọ́ọ̀kì. Ó ti lọ lórí gbogbo ibi gíga, ó sì kù sínú àwọn kòtò bí omi òjò ṣe máa ń kù sínú ihò àpáta lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti gbẹ. Mo tún fà á. Nígbà tó di ìfà kẹrìndínlọ́gọ́ta, ṣọ́ọ̀kì kù síbi mẹ́ta péré: ìlà keje àti ìkarùn-ún okùn G, àti ìlà karùn-ún okùn A. Mo dúró níbẹ̀. Ọwọ́ ń fẹ́ máa bá a lọ, nítorí igi tó ń tẹ́ lábẹ́ ọwọ́ ẹni ní adùn tirẹ̀, mo sì gbé búlọ́ọ̀kù náà lọ sí yàrá kejì kí n má baà mú un. Kálípà, irin tí a fi ń wọn nípọn nǹkan, fi hàn pé 0.15 mìlímítà ni mo yọ. Eruku tó wà lórí ìwé ìròyìn dà bí èlùbọ́ tó ṣú díẹ̀. Mo sẹ́ ẹ, mo dà á sínú agolo kan, nítorí òun ni mo fẹ́ fi dí kòtò.

Ibí ni mo ti ṣi iṣẹ́ ṣe. Mo fi ṣóńṣó abẹ fá inú kòtò mẹ́ta náà kí èérí má baà kù síbẹ̀, mo da ẹ̀kúnná igi sí i, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì kán super glue olómi sí i. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó gbóná, èéfín rẹ̀ ta mí lójú, ó sì le. Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, mo sì ti pa fèrèsé dé. Nígbà tí mo padà wá lẹ́yìn oúnjẹ, ojú pákó tó yí àwọn kòtò náà ká ti funfun bí ẹni tí kò fi ìpara para nínú ọyẹ́. Àyà mi já. Èéfín super glue náà ni ó pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tí kò rí ibi gbà jáde nínú yàrá tí mo ti pa dé, tí ó sì bọ́ padà sórí igi bí eérú. Kò wọ inú igi. Sáńpépà nọ́ńbà 320 kó o lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ́ ohun tí mo fi dí àwọn kòtò náà dọ́gba pẹ̀lú pákó, mo rí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ nínú èyí tó wà lábẹ́ okùn A, torí pé mo dà á nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìta rẹ̀ sì ti le kí super glue tó dé ìsàlẹ̀. Mo fi ṣóńṣó abẹ gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ní ọjọ́ Ajé tí oòrùn yọ, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, mo sì tún un dí lẹ́ẹ̀mẹta, ní ìpele tínrín, pẹ̀lú ìsinmi láàárín wọn. Ó gbà. Bí a bá gbé pákó náà sí oòrùn, a óò rí i pé ibi mẹ́ta náà ṣú ju igi yòókù lọ díẹ̀, torí pé super glue máa ń mú àwọ̀ igi jinlẹ̀. N kò sì gbìyànjú láti fi í pamọ́.

Nọ́ńbà 180, 240, 320, 400 àti 600 tẹ̀lé ara wọn, kò sí ìtàn nínú wọn ju pé kí a má fo ọ̀kankan.

Òróró línsíìdì sísè ni mo fi pa á lára, tínrín, mo sì nù ún kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ìlù ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lo àdín. Àdín dára fún awọ, ṣùgbọ́n kì í gbẹ lórí igi. Yóò máa rọ̀ títí láé, yóò sì máa kó èérí ìka jọ sábẹ́ okùn. Línsíìdì ń gbẹ, ó ń le. Ewu tirẹ̀ wà nínú àkísà: àkísà tí a fi nù ún, bí a bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kan, lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Orí okùn aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé ni mo na tèmi sí, ìyàwó mi sì béèrè ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fọ aṣọ.

Mo fi ìgbà tí òróró ń gbẹ tún nọ́ọ̀tì ṣe. Ẹ̀kúnná egungun àti super glue ni mo fi dí ojú okùn E, mo sì fi fáìlì tínrín la á padà, títí okùn fi ga ju igi lọ níwọ̀n bébà kan. Lára béèsì onífúrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìbá ti lọ sílẹ̀ jù.

Okùn pẹlẹbẹ ti dé láti Èkó ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ń fa ọrùn ju àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà mo tún ní láti yí ọ̀pá inú ọrùn díẹ̀, kí àlàfo tó dúró sí 0.25. Ní ìlà kejìlá, mo fi okùn E sí mìlímítà 2.5 lókè igi, okùn G sí 2. Mo tún bíríìjì tò títí ohùn tí a tẹ̀ lórí ìlà kejìlá fi bá ohùn ṣíṣí rẹ̀, ti okùn tí a kò tẹ̀, mu ní ìpele kejì. Ìlà kejìlá náà sì wà ní ínǹsì 17 géérégé láti nọ́ọ̀tì. Mo sì rán ọmọkùnrin náà létí pé orí ìlà gan-an ni ìka gbọ́dọ̀ bọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe lára gìtá onífúrẹ́ẹ̀tì. Ó ti jẹ́ pé ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo, ó sì ti ń dá okùn lẹ́bi.

Ó ta á. Ó tẹ ìlà keje okùn G, níbi tí kíkùn ti pọ̀ jù, ó sì fà á lọ sókè dé ìkejìlá. Ohùn náà jáde yíká, ó ń wí "wàá" bí ẹni tó ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀, kò sì kùn níbì kan lójú ọ̀nà. Ó wò mí, ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn, kọ́kọ́rọ́ F ló sì mú, kì í ṣe G.

Kíkùn kékeré kan tí n kò kíyè sí tẹ́lẹ̀ ṣì wà lábẹ́ okùn D ní ìlà kẹsàn-án bí a bá ta á kíkankíkan. Fílágéèjì ní 0.05 mìlímítà ni kòtò rẹ̀. Nínú ámípù a kò gbọ́ ọ, mo sì fi í sílẹ̀. Mo kọ gbogbo ìwọ̀n sí ìwé pélébé kan: 5.00 kí n tó yọ́ ọ, 4.85 lẹ́yìn rẹ̀, ibi mẹ́ta tí mo dí àti ohun tí mo fi dí wọn, ìtẹ̀ ínǹsì 12, ìlà kẹsàn-án okùn D. Mo ká a, mo fi sínú àpò kékeré tó wà lára àpò gìtá, kí ẹni tó bá tún máa ṣí ohun èlò yìí mọ iye igi tó kù.